Owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà fún ẹni tí green card rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, pé ẹni tó bá gba green card gbọ́dọ̀ lo ọdún márùn-ún kó tó lè rí owó ìjọba fi kàwé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdún márùn-ún yẹn wà fún ìrànwọ́ bíi Medicaid (ìtọ́jú ìlera ìjọba fún aláìlówó) àti owó oúnjẹ SNAP. Ní ti owó ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni tó gba físà olùgbé wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n bí sí Chicago. Green card ọlọ́dún méjì, tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára rẹ̀.

Ohun tó ń gba àkókò ni iye tí ilé-ìwé ìpínlẹ̀ máa bù fún yín. Ọmọ ìpínlẹ̀ ń san iye kan, àlejò sì ń san iye tó sábà máa ń ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ó di ọdún kan kí wọ́n tó kà yín sí ọmọ ilé. Àwọn tó da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ló ń jókòó sílé láìnídìí, tàbí kí wọ́n kù gìrì wọ yunifásítì kí wọ́n sì san owó àlejò.

Nọ́ńbà méjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ nílò nọ́ńbà Social Security, tí ìjọba fi ń dá olúkúlùkù mọ̀ fún iṣẹ́ àti owó-orí, àti A-number, nọ́ńbà tí USCIS, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó wọ̀lú, fi ń mọ̀ yín. Bí ẹ bá ti sọ nínú DS-260, fọ́ọ̀mù tí ẹ fi béèrè físà olùgbé, pé ẹ fẹ́ káàdì Social Security, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ẹ kọ síbẹ̀, ó sì sábà máa ń dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn kọ àdírẹ́sì mọ̀lẹ́bí kan, wọ́n wá kó lọ sí ibòmíràn kí káàdì tó dé. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá, ẹ gbé páásípọ́ọ̀tù tó ní físà lọ sí ọ́fíìsì Social Security tó wà nítòsí. Ẹ má dúró de green card. Green card fúnra rẹ̀ kò ní jáde bí ẹ kò bá tíì san 235 dọ́là tí USCIS ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

A-number wà níwájú green card, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ USCIS# sí: nọ́ńbà mẹ́sàn-án, mẹ́ta-mẹ́ta. Nọ́ńbà gígùn tó wà lẹ́yìn káàdì, tó ní lẹ́tà mẹ́ta níwájú, kì í ṣe òun. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Bí káàdì kò bá tíì dé, ẹ wo físà inú páásípọ́ọ̀tù, A-number wà níbi tí wọ́n kọ Registration Number sí. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ péré, ẹ fi òdo kan sí iwájú rẹ̀. Físà yẹn, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tí wọ́n lù ú ní pápákọ̀ òfurufú, dúró bíi green card fún ọdún kan. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Bí akọ̀wé ilé-ìwé bá ní dandan àfi káàdì, ẹ fi ìlà yẹn hàn án.

FAFSA

Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tó ń ṣí ilẹ̀kùn owó ìjọba àpapọ̀ ni FAFSA, ní StudentAid.gov. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun bá yín fi ránṣẹ́ ń gba owó tí kò tọ́ sí i, bí ó bá sì fi íméèlì tirẹ̀ ṣí àkáǹtì fún yín, ẹ ó máa bẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún kí ẹ tó lè wọlé. Olúkúlùkù ni yóò fi íméèlì àti fóònù ara rẹ̀ ṣí tirẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ọdún ẹ̀kọ́ kan sábà máa ń jáde ní October 1 ọdún tó ṣáájú. Ti 2026–27 á wà ní ṣíṣí títí di June 30, 2027, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ yẹn tan ara yín. Ìpínlẹ̀ àti ilé-ìwé ní ọjọ́ tiwọn, ó sì máa ń yá ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ fíìfíì. Ní Texas, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ ti fi ránṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ àárín January. Ní Maryland, ìbẹ̀rẹ̀ March. Ní Illinois, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbà títí owó á fi tán.

Níbi tí wọ́n ti béèrè ọmọ orílẹ̀-èdè, ẹ mú "Eligible noncitizen", kí ẹ sì tẹ A-number. Ẹni tó bá mú "U.S. citizen" nítorí ó rò pé green card ti sọ òun di ọmọ onílẹ̀ ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ara rẹ̀, torí pé irọ́ nípa ìjẹ́-ọmọ-orílẹ̀-èdè lè lé ènìyàn kúrò nílùú. Orúkọ tó wà lórí káàdì Social Security ni kí ẹ tẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà, láìsí àmì ohùn. Kọ̀ǹpútà wọn á fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí wé ti Social Security, á sì fi A-number wé ti USCIS. Orúkọ ìdílé tó bọ́ sípò orúkọ àkọ́kọ́, tàbí orúkọ ọkọ tó wà lórí ọ̀kan tí kò sí lórí èkejì, tó láti dá fọ́ọ̀mù náà padà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, Social Security ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ tún orúkọ ṣe, kí ẹ tó padà sórí FAFSA.

Ta ni òbí?

Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú January 1, 2003, ẹni tó ti gbéyàwó tàbí tó ti lọ́kọ, ẹni tó ní ọmọ tó ń bọ́, àti ẹni tó ń ka master's, àwọn wọ̀nyí ń dá dúró lórí FAFSA ti 2026–27. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù ní láti mú òbí wọnú fọ́ọ̀mù. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni, bàbá ẹni náà ni, òun ló sì lè jẹ́ pé ẹ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Houston. FAFSA kò kà á sí òbí àfi bí ó bá gbà yín ṣọmọ ní kóòtù. Ẹ má fi owó tó ń wọlé fún un sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ ó kàn sọ ara yín di olówó lójú wọn.

Bí bàbá àti ìyá bá wà ní Nàìjíríà, wọ́n ṣì lè ṣe é. Fọ́ọ̀mù kò béèrè ìwé ìgbélùú wọn. Wọ́n á ṣí àkáǹtì tiwọn ní StudentAid.gov, wọ́n á sì mú ibi tó sọ pé àwọn kò ní nọ́ńbà Social Security. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọwọ́ sí ìyọ̀ǹda pé kí àjọ owó-orí Amẹ́ríkà yẹ ìwé wọn wò. Ibẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà ti máa ń kọ̀, wọ́n á ní, "Mi ò san owó-orí ní Amẹ́ríkà rí, kí ni mo fẹ́ fọwọ́ sí?" Ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn, torí bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ọmọ kò ní rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ pè wọ́n lórí WhatsApp kí ẹ jọ ṣe é ní ìjókòó kan, nítorí kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí íméèlì kì í pẹ́ kó tó kú.

Owó tí wọ́n pa ní náírà

Fọ́ọ̀mù 2026–27 ń wo owó ọdún 2024. Owó tí ẹ pa ní Nàìjíríà lọ́dún náà gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, ní dọ́là, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó sí ní ọjọ́ tí ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù. Bí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà, olùkọ́ tó gba 3,000,000 náírà lọ́dún máa kọ 2,000 dọ́là. Àṣìṣe méjì ló pọ̀ níbí. Àwọn kan á kọ òdo, ilé-ìwé á wá béèrè ohun tí wọ́n fi ń jẹun. Àwọn mìíràn á tẹ 3,000,000 bó ṣe rí, kọ̀ǹpútà á sì ka òbí wọn sí mílíọnía.

Ilé tí òbí ń gbé kò wọ inú ìṣirò. Ilé tí wọ́n fi háyà ní Ìbàdàn àti ilẹ̀ tí wọ́n rà pa mọ́ wọ inú rẹ̀ bí fọ́ọ̀mù bá béèrè ohun-ìní. Ẹ ṣẹ́ iye rẹ̀ sí dọ́là, kí ẹ yọ gbèsè tó wà lórí rẹ̀.

Ilé-ìwé lè mú fọ́ọ̀mù yín fún àyẹ̀wò, wọ́n á wá béèrè ẹ̀rí. Ìwé tax clearance láti ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀, lẹ́tà láti ibi iṣẹ́, tàbí gbólóhùn tí ẹ kọ tí ẹ sì fọwọ́ sí ló sábà máa ń tó. Ẹ kó wọn jọ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹni tó gba Lọ́ńdọ̀nù wá yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gba owó gidi ní póńdì ní 2024, tí kò tíì ríṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, máa dà bí ẹni tó lówó lọ́wọ́. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó ilé-ìwé, kí ẹ ní kí wọ́n fi owó tó ń wọlé báyìí dípò ti 2024. Òfin fún wọn lágbára láti ṣe é, orúkọ rẹ̀ ní ẹnu wọn ni professional judgment, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe é fún ẹni tí kò béèrè.

Pell Grant, àti ẹni tó ti ní digrí

Pell Grant ni owó tí a kì í san padà. Iye tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún 2026–27 ni 7,395 dọ́là, wọ́n ń pín in sí sẹ́mẹ́sítà méjì, ẹ sì lè gbà á fún sẹ́mẹ́sítà méjìlá ní gbogbo ayé yín. Ẹ ní láti ka kírẹ́dítì 12 (bíi unit ní yunifásítì Nàìjíríà) ní sẹ́mẹ́sítà kan kó tó pé; ẹni tó ka 6 á gba ìdajì.

Ẹni tó bá ti ní B.Sc. tàbí B.A. kò lẹ́tọ̀ọ́ sí Pell, ì báà jẹ́ ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìlọrin ló ti gbà á, ì báà jẹ́ pé kò sí ibi iṣẹ́ kankan ní Amẹ́ríkà tó kà á sí. OND àti NCE kì í dí i lọ́wọ́. Ti HND, ọwọ́ ilé-ìwé ló wà, lórí ohun tí àwọn tó yẹ ìwé wò bá sọ. Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi digrí pa mọ́, kí ẹ kọ WAEC nìkan. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Ìtàn ẹ̀kọ́ yín ti wà nínú DS-260 tí ẹ fi gba físà, ìtanràn irọ́ lórí FAFSA sì lè tó 20,000 dọ́là tàbí ẹ̀wọ̀n. Ẹ kò fẹ́ ẹjọ́ jìbìtì nínú fáìlì nígbà tí ẹ bá ń béèrè ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè.

Ẹni tó ní digrí ṣì ní ọ̀nà. Ó lè yá owó ìjọba àpapọ̀. Ó lè lọ ka master's pẹ̀lú assistantship, níbi tí yunifásítì á ti gbé owó ẹ̀kọ́ kúrò lórí rẹ̀, tí á sì máa san owó oṣù fún un nítorí iṣẹ́ ìkọ́ni tàbí ìwádìí. Ó tún lè wá iṣẹ́ sí ibi tó ń san owó ilé-ìwé fún òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni Amazon, tó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba kì í gba owó-orí lórí 5,250 dọ́là àkọ́kọ́ lọ́dún nínú irú owó bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń di ọmọ ìpínlẹ̀

Texas ń béèrè oṣù méjìlá. California ń béèrè ọdún kan àti ọjọ́ kan. Àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ Maryland ń béèrè oṣù méjìlá, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta péré ni àwọn community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ti àdúgbò) Maryland ń béèrè, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún àwọn tó ń gbé ní Prince George's County níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí. Kíka ọjọ́ kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ wá gbé ìlú náà, pé kì í ṣe ilé-ìwé nìkan lẹ bá wá.

Ìṣòro ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ni pé kò sí ìwé kankan tó ní orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ilé-ìwé á béèrè ẹ̀rí, kò ní sí nǹkan kan láti mú jáde. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ṣí àkáǹtì báǹkì pẹ̀lú àdírẹ́sì náà, kí ẹ gba láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ tàbí káàdì ìdánimọ̀ ìpínlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí bíìlì fóònù máa jáde ní orúkọ yín, kí ẹ sì bẹ onílé kó fi orúkọ yín kún àdéhùn ilé. Ẹ tọ́jú W-2 (ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ iye tí ẹ gbà lọ́dún) àti ìwé owó-orí ìpínlẹ̀.

Ohun kan wà nínú àkójọ ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń béèrè tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn: káàdì ìdìbò. Ẹ ó rí i níbẹ̀, "voter registration", bí ẹni pé gbogbo ayé ló lè gbà á. Ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ìjọba àpapọ̀. Níbi tí ẹ ti ń gba láísẹ́ǹsì, akọ̀wé tàbí kọ̀ǹpútà á béèrè bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹ sọ pé rárá, kí ẹ sì ka ìwé náà tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó ní green card tó forúkọ sílẹ̀, pàápàá tó bá dìbò, lè pàdánù green card náà, "mi ò mọ̀" kì í sì gba ènìyàn lọ́wọ́ ìyẹn nígbà gbogbo. Ẹ̀rí tó kù pọ̀ tó láti rọ́pò rẹ̀.

Bí òbí bá ṣì ń bọ́ yín tí wọ́n sì wà ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ á sọ pé ibi tí òbí wà ni ẹ ti wá. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ residency, ìyẹn ẹni tí wọ́n kà sí ọmọ ìpínlẹ̀, gan-an. Àwọn tó ń gba ọmọ wọlé kì í mọ òfin yìí dáadáa.

Community college

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ nìyí, mo sì sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Owó ẹ̀kọ́ ọmọ àdúgbò lọ́dún kan ní community college jẹ́ nǹkan bí 4,050 dọ́là ní ìpíndọ́gba jákèjádò Amẹ́ríkà ní 2024–25. Ẹni tó gba Pell tó pé, 3,697 dọ́là ààbọ̀ ni yóò wọlé fún un ní sẹ́mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan. Owó ẹ̀kọ́ á gba nǹkan bí 2,025, èyí tó kù á lọ fún ìwé, wọ́n á sì fún yín ní ìyókù láti fi wọ ọkọ̀. Láàárín àkókò yẹn, ọdún kan ìpínlẹ̀ ń lọ lábẹ́lẹ̀. Tó bá pé, ẹ ó kó kírẹ́dítì lọ sí yunifásítì ní iye ọmọ ilé.

Kí ẹ tó mú kọ́ọ̀sì kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tí ẹ ń lọ bóyá wọ́n máa gba kọ́ọ̀sì náà. Ẹ béèrè kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé láti ilé

Transcript ni kí ẹ tètè mójú tó. WES àti àwọn ilé-iṣẹ́ bíi tirẹ̀, tó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí òkè òkun wò fún ilé-ìwé Amẹ́ríkà, fẹ́ kí yunifásítì Nàìjíríà fi transcript ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé wá kò jámọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá ti lọ kúrò nílùú, ẹ wá ẹni tó lè dé ọ́fíìsì registrar, kí ó dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi fi í ránṣẹ́. Ẹ san owó course-by-course, torí òun ló ń fi kírẹ́dítì kọ̀ọ̀kan hàn. Bí orúkọ orí sáàtífíkéètì bá yàtọ̀ sí ti green card, ẹ mú ìwé ìbúra kóòtù àti ìkéde inú ìwé ìròyìn dání. WAEC tó ní ẹ̀rí tó dájú ló máa ń dúró fún ilé-ìwé girama lójú ọ́fíìsì owó.

Gbèsè

Kí ẹ gba owó ọ̀fẹ́ tán kí ẹ tó yáwó. Ọmọ tí òbí ń bọ́ lè yá 5,500 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó dá dúró lè yá 9,500. Èyí tí wọ́n ń pè ní subsidized kì í pọ̀ sí i nígbà tí ẹ ṣì wà nílé-ìwé, ẹ kọ́kọ́ mú un. Láti July 1, 2026, wọ́n ti fagi lé Grad PLUS, owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ master's àti PhD, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 20,500 dọ́là lọ́dún sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ master's lè yá. Owó báǹkì aládàáni ń béèrè onígbọ̀wọ́ tó ní àkọsílẹ̀ gbèsè sísan (credit) tó dáa. Bí ẹ kò bá san án, ọrùn ẹ̀gbọ́n tó fọwọ́ sí i ló máa wà.

Ohun tó ń gba owó padà lọ́wọ́ ènìyàn

Ọ̀pọ̀ wa ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, a sì ń kó kírẹ́dítì 15 mọ́ ọn. Bí ara bá kọ̀ ọ́, a ó kàn dẹ́kun lílọ sí kíláàsì. Ẹni tó bá fi gbogbo kíláàsì sílẹ̀ kí sẹ́mẹ́sítà tó lọ kọjá ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún máa jẹ gbèsè apá kan owó tó gbà. Ilé-ìwé sì tún ń wo pé ẹ ń ní GPA tó tó, 2.0 ní ọ̀pọ̀ ibi, àti pé ẹ ń parí nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ohun tí ẹ bá forúkọ sí. Kírẹ́dítì mẹ́fà tí ẹ parí sàn ju méjìlá tí ẹ já sílẹ̀ lọ. Bí àìsàn tàbí òkú bá fa ìjákulẹ̀, ẹ kọ appeal pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Ọkùnrin ọlọ́dún 18 sí 25 gbọ́dọ̀ rí i dájú pé orúkọ òun wà ní Selective Service, ìwé orúkọ àwọn tí ìjọba lè pè sí iṣẹ́ ológun. FAFSA kò béèrè é mọ́, àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì ń béèrè é kí wọ́n tó fúnni lówó tiwọn, àwọn tó ń fúnni níwèé ọmọ orílẹ̀-èdè náà sì ń béèrè é.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ilé-ìwé á fún yín ní 1098-T, ìwé tó ń fi owó ẹ̀kọ́ tí ẹ san hàn. American Opportunity Credit lè dá tó 2,500 dọ́là padà lórí owó-orí, fún ọdún mẹ́rin. Ní ọdún tí ẹ wọ̀lú gan-an, tí ẹ lo apá kan rẹ̀ níta, ẹ lè má lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ bi ẹni tó mọ owó-orí kí ẹ tó kọ ọ́.

FAFSA tuntun ni lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì di ọmọ orílẹ̀-èdè, ẹ gbé ìwé ẹ̀rí lọ sí Social Security kí wọ́n tún fáìlì yín ṣe kí ẹ tó mú "U.S. citizen" lórí fọ́ọ̀mù, nítorí bí fáìlì wọn bá ṣì ń pè yín ní olùgbé, fọ́ọ̀mù náà á dúró títí ẹ ó fi mú ìwé wá.